Ilé Là Á Wò Kí A Tó Ra Odídẹrẹ́

Ẹni tó ń ta ẹyẹ mọ ọ̀rọ̀ tí yóò fi mú oníbàárà. Yóò gbé àgò rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá títì tó ti Sakété lọ sí Pobè, yóò ká aṣọ orí rẹ̀ kúrò díẹ̀, yóò sì nahùn pe ìyá tó ń kọjá lọ: "Ìyá mi, ẹ dúró ná, ẹ wá wo nǹkan. Èyí ti ń sọ̀rọ̀ o! Ẹ gbé e lọ fún àwọn ọmọ. Kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, á ti máa fi orúkọ pè yín." Ọmọ tó di ìyá rẹ̀ láṣọ mú á na ìka sí àgò, ẹyẹ á fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, á wo ọmọ náà lójú, ọjà sì tà. Ẹnikẹ́ni kò béèrè iye ọdún tí ẹyẹ náà yóò lò láyé, ẹni tí yóò máa dá a lóhùn lọ́sàn-án, tàbí igbó tí wọ́n ti mú un.

Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí pẹ̀lú ẹyẹ. Ìran odídẹrẹ́ tó wà láyé lé ní 350 oríṣi. Òmíràn kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, òmíràn gùn ju apá ènìyàn lọ. Ariwo wọn kò dọ́gba, ẹ̀mí wọn kò gùn bákan náà, ìwà wọn kò sì jọra. Èyí tó mú ilé kan dùn lè sọ ilé kejì di ọjà. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ìdílé tó wà n'Igana, n'Issaba, ní Towé, tàbí ní Sakété ni pé ẹyẹ tí a mọ̀ jù, tí a sì ń fẹ́ jù, ni kò yẹ ọ̀pọ̀ ilé. Àwọn kékeré tí a ń fojú di ló yẹ kí á kọ́kọ́ wò.

Ẹyẹ ọlá kì í ṣe ẹyẹ gbogbo ilé

Láti Ìwó, tí a ń kì mọ́ odídẹrẹ́, títí dé Kétu àti Sakété, bí a bá ti dárúkọ ẹyẹ tó ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló ń wá sí wa lọ́kàn: odídẹrẹ́, tí à ń pè ní ayékòótọ́, ẹyẹ aláwọ̀ eérú tí ìrù rẹ̀ pọ́n wẹ̀ẹ̀. Àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é ní jaco tàbí gris du Gabon. Ìkóódẹ, ìyẹ́ pupa tó wà nídìí rẹ̀, ti wọnú ẹ̀sìn àti oyè wa tipẹ́. A ń rí i níwájú orí ìyàwó òrìṣà, a ń rí i lára adé. Ẹyẹ tó ní irú ìyì bẹ́ẹ̀, ta ni kò ní fẹ́ kó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun?

Ìyì yẹn gan-an ló ń bò wá lójú. Odídẹrẹ́ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 33, ó sì wọn bíi gíráàmù 400. Níbi tí wọ́n bá ti ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó lè lo 40 ọdún, òmíràn a sì kọjá 50. Bàbá tó bá rà á fún ọmọ ọdún mẹ́jọ lónìí, kí ó mọ̀ pé ọmọ náà lè ti máa fi ọmọ tirẹ̀ fọ́kọ kí ẹyẹ náà tó kú. Ta ni yóò máa bọ́ ọ nígbà tí ọmọ bá wọ yunifásítì ní Kútọ̀nù, tàbí tó kọjá sí Èkó lọ ṣiṣẹ́?

Ọgbọ́n orí rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ní 1977, Irene Pepperberg, obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, ra odídẹrẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù ní Chicago, ó sọ ọ́ ní Alex, ó sì fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọ. Alex mọ orúkọ nǹkan bíi 50, ó mọ àwọ̀ méje, ó sì lè sọ iye nǹkan tó wà níwájú rẹ̀ dé mẹ́fà. Bí wọ́n bá fún un ní ohun tí kò béèrè, á kọ̀ ọ́, á sì tún béèrè èyí tó fẹ́. Ó kú ní oṣù kẹsàn-án 2007, lẹ́ni ọdún 31. Ohun tó ní irú ọpọlọ yìí kò ṣe é gbé sí igun ilé kí á máa da àgbàdo sí i láàárọ̀. Ní igbó, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ló ń kó ara jọ sùn pọ̀ lálẹ́; wọ́n ń pe ara wọn, wọ́n ń dá ara wọn lóhùn. Bí a bá fi ọ̀kan ṣoṣo sínú àgò, tí gbogbo ilé jáde lọ sóko, sọ́jà, sílé ìwé, kò sí ẹni tí yóò dá a lóhùn mọ́.

Ohun tó sábà máa ń tẹ̀lé e rèé. Ẹyẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìyẹ́ àyà rẹ̀ tu. Á di ìyẹ́ kan mú ní ìdí, á fà á yọ, á rún un lẹ́nu díẹ̀, á jù ú sílẹ̀, á mú òmíràn. Kó tó di oṣù díẹ̀, àyà á ti hófo, itan á ti hófo, awọ á máa hàn bíi ti adìyẹ tí wọ́n ti hú, ṣùgbọ́n ìyẹ́ orí yóò pé pérépéré. Orí nìkan ni àgógó ẹnu rẹ̀ kò lè dé. Ibẹ̀ la fi ń mọ̀ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Àìsàn ara lè fà á nígbà mìíràn, nítorí náà kí dókítà ẹranko kọ́kọ́ wò ó. Ṣùgbọ́n nínú ilé tó dá wáí látàárọ̀ dalẹ́, ìdánìkanwà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, kò sì sí oògùn rẹ̀ nílé elégbòogi.

Igbó wo ni wọ́n ti mú un?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé odídẹrẹ́ kún inú igbó tó wà nítòsí wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Igbó ńlá tó bo etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà já láàárín: láti ìlà-oòrùn Gánà, ó gba Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá dé ìtòsí ẹnubodè Nàìjíríà, ọ̀dàn ló pọ̀ jù, igbó tó kù níbẹ̀ kò sì ju kéékèèké lọ. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní àlàfo Dahomey. Inú ihò igi gíga ni odídẹrẹ́ ń yé ẹyin sí, nítorí náà kò rí ibùgbé tó tó o níhìn-ín. Ọ̀pẹ ń bẹ ní tiwa, ó pọ̀ débi pé Pobè ti ní ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ láti 1922, odídẹrẹ́ sì fẹ́ràn ẹyìn gan-an. Ṣùgbọ́n oúnjẹ nìkan kọ́ ni ilé. Odídẹrẹ́ tí ẹ bá rí lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á n'Igana, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ Nàìjíríà, Kamẹrúùnù tàbí Kóńgò ló ti rìnrìn àjò dé.

Ìrìn àjò náà burú. Ọdẹ ń lẹ àtè mọ́ ẹ̀ka igi, ó sì ń fi ẹyẹ kan tí wọ́n ti mú tẹ́lẹ̀ tan àwọn yòókù wá. Òmíràn ń gun igi lọ kó ọmọ nínú ihò. Wọ́n á gé ìyẹ́ apá wọn, wọ́n á fún wọn mọ́nú àpótí, ọ̀pọ̀ á sì kú kí ojú wọn tó rí ọjà. Ẹyọ kan tó dé ọwọ́ yín láàyè, àwọn mìíràn ti bá a rìn tí wọn kò dé.

Abo odídẹrẹ́ kì í sábà yé ju ẹyin mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Ó ń sàba lé wọn fún bí oṣù kan, ọmọ sì ń pẹ́ tó oṣù mẹ́ta nínú ihò kó tó fò. Ohun tó ń bí níwọ̀nba báyìí, bí a bá ń kó o lọ́pọ̀, yóò tán. Ní Gánà, àwọn onímọ̀ padà lọ sí ibùsùn mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gba odídẹrẹ́ 700 sí 1,200 ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú. Ẹyẹ 18 péré ni wọ́n rí. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2016 sọ pé láti 1992, nínú odídẹrẹ́ 100 tó wà ní Gánà, ó tó 90 sí 99 tó ti lọ. Ọdún yẹn náà ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, pàdé ní Johannesburg, tí wọ́n gbé odídẹrẹ́ sí Àfikún Kìíní, níbi tí àwọn ẹranko tó fẹ́ parun wà. Ìpinnu náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní 2017. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ gbé odídẹrẹ́ igbó kọjá ẹnubodè láti fi ṣòwò. Bẹ̀nẹ̀ ti wà nínú àdéhùn yìí láti 1984, Nàìjíríà náà sì wà níbẹ̀. Ẹyẹ tó bá gba ọ̀nà ẹ̀burú wọlé, ẹni tó rà á àti ẹni tó tà á ló jọ jẹ gbèsè òfin.

Ṣé kò wá sí odídẹrẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ni? Ó wà. Àwọn tó ń sìn wọ́n wà ní Yúróòpù àti ní Gúúsù Áfíríkà, odídẹrẹ́ tí wọ́n sì bí sínú àgò ní àmì tí ojú lè rí. Nígbà tí ọmọ ẹyẹ kò tíì ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì rọ̀, ẹni tó ń sìn ín á ti òrùka irin kan bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Òrùka náà kò ní ojú ìsopọ̀, nọ́ńbà sì wà lára rẹ̀. Bí ẹyẹ bá ti dàgbà, òrùka irú bẹ́ẹ̀ kò ṣe é wọ̀ fún un mọ́, kò sì ṣe é bọ́. Odídẹrẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣófo, tàbí tó wọ òrùka tí wọ́n fi ẹ̀mú tẹ̀ pọ̀, kò ní ẹ̀rí ibi tó ti wá. Kí nọ́ńbà ara òrùka àti nọ́ńbà inú ìwé bára mu. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ fi owó yín sápò.

Youyou àti ẹyẹ olórùka ọrùn

Ní àríwá Bẹ̀nẹ̀, níbi tí ọ̀dàn ti gbilẹ̀, ìran odídẹrẹ́ méjì mìíràn wà tí àwọn oníṣòwò máa ń gbé wá sísàlẹ̀.

Èkíní ni youyou. Orí rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ eérú, ẹ̀yìn àti àyà rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, ikùn rẹ̀ sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọsàn tó pọ́n tàbí kó jẹ́ yẹ́lò. Sẹ̀ǹtímítà 23 péré ni gígùn rẹ̀, kò sì tó ìdajì odídẹrẹ́ ní ìwọ̀n. Ohùn rẹ̀ kéré sí ti odídẹrẹ́, ọ̀rọ̀ tó lè kọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣeré, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ mú oúnjẹ sẹ́nu. Àbùkù rẹ̀ fún ìdílé ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló sábà máa ń yàn. Ẹni yẹn lè gbé e sí èjìká, kó fi ọwọ́ yún un lọ́rùn. Bí àbúrò ẹni náà bá na ọwọ́, ó di ẹ̀jẹ̀. Ó sì lè lo 25 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé tí ọmọ bá pọ̀ sí, ìjà ni ẹyẹ yìí yóò dá sílẹ̀.

Èkejì ni èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní perruche à collier, ẹyẹ àwọ̀ ewé tí ìrù rẹ̀ gùn gbọọrọ, tí akọ rẹ̀ sì ní ìlà dúdú àti pupa rẹ́súrẹ́sú yí ọrùn ká. Akọ lè tó ọdún mẹ́ta kí ìlà yẹn tó jáde, nítorí náà ẹni tó bá ń búra pé ọmọ ẹyẹ tí ọrùn rẹ̀ kò ní ìlà jẹ́ akọ, ẹ bi í bó ṣe mọ̀. Ẹyẹ yìí ń sọ̀rọ̀ ketekete. Ó tún ń pariwo, igbe rẹ̀ mú, ó sì lè gba odindi àdúgbò kan. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ ọ́n dáadáa: àwọn tó já kúrò nínú àgò ti bímọ síbẹ̀, wọ́n sì ń fò lágbo lágbo lókè àwọn ọgbà ìgbafẹ́. Ní Brussels, bí ogójì ni wọ́n tú sílẹ̀ ní 1974. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n dà níbẹ̀. Bí ilé yín bá fara ti ilé ẹlòmíràn, tí ọmọ tuntun wà nínú agboolé, tàbí tí àgbàlagbà ń sùn lọ́sàn-án, ẹ má ṣe gbé e wọlé.

Ẹyọ kan tún wà tí inú rẹ̀ kò dùn sí àgò rárá: ẹyẹ kékeré olórí pupa, ọmọ ilẹ̀ wa, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ń pè ní inséparable. Inú ilé ikán tó wà lórí igi ló ń gbẹ́ ihò sí tó ń yé ẹyin sí. Kì í rọrùn fún àwọn tó mọṣẹ́ ẹyẹ sísìn gan-an pàápàá láti mú un bímọ nínú àgò, nítorí náà èyí tó bá wà lọ́jà, igbó ni wọ́n ti mú un. Ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà.

Àwọn kékeré tí CITES kò ká lọ́wọ́ kò

Nínú gbogbo ìran odídẹrẹ́ tó wà láyé, mẹ́rin péré ni CITES yọ sílẹ̀ nínú àwọn Àfikún rẹ̀ tó le. Perruche à collier tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ jẹ́ ọ̀kan. Mẹ́ta tó kù ni ọjà wọn kún jù lágbàáyé, nítorí pé inú àgò ni wọ́n ti ń bí wọn láti ìran dé ìran. Rírà wọn kò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ gé igi nígbó.

Perruche lásán, ẹyẹ kékeré láti Ọsirélíà, ni àgbà wọn. John Gould ló gbé àwọn tó wà láàyè dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1840, láti ìgbà náà ló sì ti ń bímọ sínú àgò kárí ayé. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 18, kò wọn ju gíráàmù 40 lọ. Ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá ló sábà ń lò. Ohùn rẹ̀ kò ju kí ó máa ṣe wíyẹ́wíyẹ́ lọ. Akọ rẹ̀ lè kọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀: ìwé àkọsílẹ̀ Guinness ti 1995 sọ pé akọ kan ní Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Puck, mọ ọ̀rọ̀ 1,728. Akọ ni èyí tí awọ òkè àgógó ẹnu rẹ̀, níbi tí ihò imú wà, jẹ́ àwọ̀ aró nígbà tó bá dàgbà. Ti abo máa ń jọ àwọ̀ ilẹ̀.

Calopsitte, láti Ọsirélíà náà, tóbi díẹ̀ jù ú lọ: sẹ̀ǹtímítà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, nítorí ìrù rẹ̀ gùn, ó wọn bíi gíráàmù 90. Ìyẹ́ kan ń yọ lókè orí rẹ̀ tó máa ń gbé sókè bí ẹ̀rù bá bà á, tó sì máa ń tẹ́ sílẹ̀ bí inú bá ń bí i. Ọmọ tó bá ti mọ èyí kò ní jẹ́ kó bu òun jẹ. Akọ ń súfèé, ó ń kọ́ orin. Ó lè lo 15 sí 20 ọdún. Nínú gbogbo ìran odídẹrẹ́ tí mo mọ̀, òun ni mo lè gbé fún ìdílé tí ọmọ ọdún mẹ́jọ sókè wà, tí ẹnì kan sì ń wà nílé lọ́sàn-án. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: ẹbu funfun ń jáde lára ìyẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti ń jáde lára odídẹrẹ́. Ilé tí ẹni tí ikọ́ fée ń bá fínra bá wà, calopsitte àti jaco kò wọbẹ̀.

Inséparable olójú pupa rẹ́súrẹ́sú, tó wá láti Namibia àti agbègbè rẹ̀, ni ìkẹta. Ó rẹwà. Kì í sábà sọ̀rọ̀, ó mọ bí a ti ń bu ni jẹ, ara wọn ni wọ́n sì ń fún ní àfiyèsí bí ẹ bá ra méjì. Ẹni tó fẹ́ máa wò ó ló wà fún, kò wà fún ọmọ tó fẹ́ gbé e lọ́wọ́.

Ẹ wo inú ilé yín

Ìrònú tí ọ̀pọ̀ kì í rò rèé: afẹ́fẹ́. Ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ ń lo afẹ́fẹ́ dáadáa ju ti ènìyàn lọ, èéfín tí a ń fara dà sì lè pa á. Ilé ìdáná tí wọ́n ti ń fi igi tàbí èédú dáná kì í ṣe ibi tí a ń gbé àgò sí. Bí ẹ bá ń ta epo kpayo ní iwájú ilé, tí ìgò àti jẹ́ríkàn epo wà lábẹ́ àtíbàbà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn náà kò yẹ ẹ́. Páànù aláìlẹ̀mọ́, tó bá gbóná jù lórí iná tí ẹnì kan gbàgbé, ń tú èéfín tí ènìyàn lè má gbóòórùn rẹ̀ jáde, ó sì lè pa gbogbo ẹyẹ inú ilé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Oògùn ẹ̀fọn tí a ń sun lóru náà ń ṣe wọ́n léṣe. Ibi tó dára ni ìyẹ̀wù tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ènìyàn ń gbà kọjá, tí oòrùn ń tàn sí díẹ̀, tí òjò kì í fẹ́ sí, tí ọyẹ́ kì í gbà wọlé tààrà.

Àgò kò gbọdọ̀ kéré débi pé ẹyẹ kò lè na apá rẹ̀ méjèèjì kó má kan irin. Fífẹ̀ dára ju gíga lọ, nítorí ẹyẹ ń fò síwájú, kì í fò sókè. Igi tí yóò máa bà lé, kí ó máa jẹ́ ẹ̀ka gidi tí sísanra rẹ̀ kò dọ́gba, bíi ti gúáfà, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa le sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Kí ológbò má ṣe rí ibi gùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọmọ kékeré ń na ìka sí ẹyẹ, ẹyẹ náà ń fi àgógó ẹnu dáhùn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ẹyẹ. Bó sì ti wù kí ọmọ jẹ́jẹ̀ẹ́ tó, àgbàlagbà kan ni yóò máa ṣe iṣẹ́ náà gan-an: omi tuntun lójoojúmọ́, ìgbẹ́ tí a ń kó, oúnjẹ tó ṣẹ́kù tí a ń dà nù kí ó tó bà. Kí ẹ tó rà á, kí ẹ dárúkọ àgbàlagbà náà.

Oúnjẹ tó wà nílé

Ẹni tó bá ń gbé lórí ilẹ̀ Pobè kò ní ìdí láti wá oúnjẹ lọ sí òkèèrè. Jéró, ọkà bàbà, ewé tẹ̀tẹ̀, ìbẹ́pẹ, máńgòrò, àgbàdo tútù, gbogbo wọn ló ń jẹ. Fún odídẹrẹ́ ńlá, ẹyìn ni adùn rẹ̀: á gbé e pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan, á yí i lọ yí i bọ̀, á bó ẹran ara rẹ̀ kúrò tán, á sì jẹ́ kí ó bọ́. Ata wẹ́wẹ́ tó ń mú wa sunkún kò ta wọ́n lẹ́nu rárá, wọ́n á jẹ ẹ́ tàdùntàdùn, irúgbìn inú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń wá.

Ẹ̀pà púpọ̀ ló ń pa wọ́n. Ó ń mú wọn sanra, tó bá sì ti bu, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Píà, ṣokoléètì, kọfí, ọtí, oúnjẹ oníyọ̀ àti Maggi kò gbọdọ̀ dé ẹnu wọn. Píà lè pa wọ́n. Jaco ní pàtàkì máa ń ṣaláìní kálísíọ̀mù, ó sì lè mú un gbọ̀n kó ṣubú. Èèpo ẹyin adìyẹ tí a sè, tí a gún kúnná, tí a fi sínú oúnjẹ rẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ rà á

Ẹ má ṣe ra ẹyẹ ní ojú ọ̀nà, ẹ má sì ṣe rà á lálẹ́. Ẹ dúró jìnnà díẹ̀ kí ẹ wò ó kí ó tó mọ̀ pé ẹ ń wò ó, nítorí ẹyẹ tó ń ṣàìsàn máa ń fi ara le bí ó bá rí ènìyàn. Ẹ wo bóyá ó wú ìyẹ́ tó sì ń di ojú, bóyá ìrù rẹ̀ ń gbọ̀n bí ó ti ń mí. Ẹ wo ihò imú rẹ̀ méjèèjì: kí wọ́n ṣí, kí wọ́n gbẹ, kí ìyẹ́ tó wà lókè wọn má ṣe lẹ̀ pọ̀. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí ìgbẹ́ bá ti gbẹ mọ́ ìyẹ́ ibẹ̀, ẹ kọjá lọ. Ẹ ní kí ẹni tó ni í fi ọwọ́ tọ́ eegun àyà rẹ̀: bó bá yọ bí ojú ọ̀bẹ, ebi tàbí àìsàn ti ń jẹ ẹ́.

Bó bá jẹ́ odídẹrẹ́, ẹ wo ẹyinjú rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀. Ti ọmọ dúdú. Bó bá ń dàgbà ó ń di eérú, yóò sì di yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tó bá yá. Odídẹrẹ́ tí ojú rẹ̀ ti yẹ́lò, tó sì ń bú ramúramù, tó ń kó sí igun àgò bí ènìyàn bá sún mọ́ ọn, igbó ni wọ́n ti mú un ní àgbà, kò sì dájú pé yóò fara mọ́ ọmọ yín láé. Odídẹrẹ́ kì í sábà sọ̀rọ̀ kó tó pé bí ọdún kan. Nítorí náà ọmọ ẹyẹ olójú dúdú tí wọ́n ní ó ti ń sọ̀rọ̀, ẹni tó ń tà á ló ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ẹ bá gbé e délé, ẹ fi í sí ìyẹ̀wù ọ̀tọ̀ fún bí oṣù kan kí ó tó bá ẹyẹ mìíràn pàdé, títí kan adìyẹ yín. Ẹ máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá kó ìgbẹ́ rẹ̀. Àrùn kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní psittacose. Láti ara ẹyẹ ló ti ń ran ènìyàn, ibà, orí fífọ́ àti ikọ́ sì ni ó fi ń hàn. Ní 1929 sí 1930, odídẹrẹ́ tí wọ́n kó láti Gúúsù Amẹ́ríkà gbé e ká Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ó sì pa ènìyàn. Oògùn rẹ̀ wà lónìí, ṣùgbọ́n dókítà kò lè mọ̀ ọ́n bí ẹ kò bá sọ fún un pé ẹyẹ wà nílé.

Bí ẹ bá ti ní jaco

Ẹni tó ti ní odídẹrẹ́ nílé láti ọdún pípẹ́, kí ó má ṣe tú u sílẹ̀ lọ sí oko. Kò mọ igbó mọ́, ebi ni yóò pa á. Kí ó fún un ní àgò tó gbòòrò, kí ó máa jẹ́ kí ẹyẹ náà jáde ṣeré, kí ẹyẹ náà sì ní igi rírọ̀ tó lè fi àgógó ẹnu fọ́. Ẹni tó bá nílò ìkóódẹ fún ẹ̀sìn, kí ó béèrè lọ́dọ̀ irú àwọn bẹ́ẹ̀. Ìyẹ́ ìrù odídẹrẹ́ tó 12, ó sì ń re wọ́n lọ́dọọdún tí tuntun á hù. Ẹyẹ kan tó wà láàyè fún ogójì ọdún yóò fún ni ní ìkóódẹ ju èyí tí wọ́n pa lọ fíìfíì, kò sì sí igbó tí yóò sọ̀fọ̀.

Èwo ló wá yẹ ìdílé yín?

Ilé tí ọmọ kékeré kún: perruche akọ méjì, nínú àgò gbígbòòrò kan, ní abẹ́ ojú àgbàlagbà. Wọ́n á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ẹ kò bá sí nílé. Ilé tí àwọn ọmọ ti pé ọdún mẹ́jọ sókè, tí ìyá àgbà tàbí ẹlòmíràn sì ń wà nílé lọ́sàn-án: calopsitte, bí kò bá sí ẹni tí èémí rẹ̀ ń há. Ẹni tó ń dá gbé, tó fẹ́ ẹyẹ tí yóò mọ̀ ọ́n lójú, tó sì ti wá ìwé àti òrùka rẹ̀: youyou tí wọ́n bí sínú àgò. Odídẹrẹ́ ńlá, kí ó kù sí ilé tí ènìyàn kì í tán níbẹ̀, tí ìwé ẹyẹ náà pé, tí wọ́n sì ti kọ orúkọ ẹni tí yóò jogún rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó san kọ́bọ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Bí ẹ bá ka gbogbo èyí tán tí kò sí ẹni tó dá ara rẹ̀ lójú nínú ilé yín, kì í ṣe àbùkù. Ẹ sin ẹyẹlé. Yóò jáde láàárọ̀, yóò padà wálé lálẹ́, kò ní béèrè pé kí ẹnikẹ́ni dá òun lóhùn, àwọn ọmọ yóò sì kọ́ bí a ti ń da ọkà àti omi sílẹ̀ láìgbàgbé. Bí wọ́n bá ṣe èyí fún ọdún méjì tí ẹyẹlé kan kò fi ongbẹ kú, ẹ lè wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ calopsitte.